Lábù kọ ND síwájú mẹ́kúrì: ṣé ká máa mu omi odò Ọ̀ṣun lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Etí odò Ọ̀ṣun ni abúlé wa wà, nísàlẹ̀ Òṣogbo. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi yìí ti rú, tó pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì, ẹ̀rùn ò yàtọ̀ sí òjò. Wọ́n ní àwọn tó ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń da mẹ́kúrì sí i. A dáwó jọ, a bu omi sínú ike mínírà, a fi rán ẹnì kan lọ sí lábù. Èsì ti dé. Wọ́n kọ ND, ìyẹn "a ò rí i" (not detected), síwájú mẹ́kúrì, wọ́n kọ ND síwájú òjé. Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù ba ará ìlú mọ́. Ìyàwó mi ní òun ò ní fi se oúnjẹ ọmọ òun. Ti ta ni kí n gbọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò omi, ẹ bá mi dá sí i.

* * *

Ti ìyàwó yín ni kí ẹ gbọ́. N kò sọ pé mẹ́kúrì wà nínú omi abúlé yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé tí wọ́n fún yín yẹn kò lè sọ fún wa bóyá ó wà tàbí kò sí.

Gbogbo ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Bí ohun tí à ń wá bá kéré ju ibẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ò ní rí i, lábù á sì kọ ND. Òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà ní mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.001 lọ nínú lítà omi kan, òjé kò sì gbọdọ̀ ju 0.01 lọ. Bí ojú ẹ̀rọ lábù yẹn bá wá mọ sí 0.01 lórí mẹ́kúrì ńkọ́? Omi tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ jẹ́ 0.005, tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ohun tí òṣùwọ̀n gbà, á kọjá níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n á kọ ND sí i, baálẹ̀ á sì ní kí ẹ máa mu ún.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá rí. Lábù tó ṣe é ò kọ iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí, nígbà tí a sì pè wọ́n, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń béèrè ìyẹn. Ẹ béèrè o. Ìbéèrè méjì péré ni: kí ni iye tó kéré jù tí ẹ lè rí fún mẹ́kúrì, ọ̀nà wo lẹ sì fi yẹ̀ ẹ́ wò? Mẹ́kúrì ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, cold vapour ni àwọn oníṣẹ́ lábù ń pè é. Lábù tó bá ní ọ̀nà oníná tí òun fi ń wo irin àti síńkì náà ni òun fi wo mẹ́kúrì, iye kékeré tí à ń wí yìí ò lè hàn sí i láéláé.

Ike mínírà yẹn tún jẹ́ wàhálà fúnra rẹ̀. Mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, òmíràn nínú rẹ̀ á sì fò lọ kí omi tó dé lábù. Ìgò tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ ni à ń lò. Ẹ ó wọ inú odò dé orúnkún, ẹ ó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú sókè lè máa ṣàn lọ sẹ́yìn yín. Ẹ ó ri ìgò bọ omi, ẹ ó jẹ́ kó kún lábẹ́ omi, kí ìdọ̀tí tó ń léfòó má bàa wọlé. Létí odò níbẹ̀ ni wọ́n á ti kán ásíìdì sí i, kí mẹ́kúrì àti òjé má lọ lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó di inú kúlà oníyìnyín. A tún máa ń gbé ìgò kan tí omi lábù tó mọ́ tónítóní wà nínú rẹ̀ lọ: a ó ṣí i létí odò, a ó dé e padà, a ó gbé e bọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí wọ́n bá rí mẹ́kúrì nínú ìyẹn, ọwọ́ wa tàbí ìgò wa ló kó o wá, kì í ṣe odò.

* * *

Ẹnì kan ní òun ra ẹ̀rọ kékeré kan lọ́jà, èyí tí wọ́n ń tì bọ omi, tí nọ́ńbà á hàn lójú rẹ̀. Ó ní omi Ọ̀ṣun fún òun ní 90, omi bòhólù ilé òun fún òun ní 240, nítorí náà omi Ọ̀ṣun ló mọ́ jù.

Rárá o. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ohun tó wà nínú omi. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń wọ̀n, iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ló sì ń jẹ́ kí iná gbà á kọjá. Omi bòhólù ti jókòó ti àpáta nísàlẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ó ti kó iyọ̀ àpáta, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ga. Mẹ́kúrì tó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ kéré débi pé kò ní sún nọ́ńbà yẹn kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ yẹn polówó omi tàbí ẹ̀rọ asẹ́mi fún yín pé "ẹ wò ó, kò sí májèlé níbẹ̀," ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí rẹ̀ ì bá tó ṣe ojúlówó àyẹ̀wò bí àdúgbò bá dá a jọ.

* * *

Lórí sísè àti álọ́ọ̀mù, pé wọ́n á yọ májèlé kúrò nínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló dábàá èyí, mo sì mọ̀ pé ibi tí a ti tọ́ wa dàgbà ló ti wá.

Sísè ń pa kòkòrò àìsàn. Ẹni tó ń sè é nítorí kọ́lẹ́rà àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kó má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òjé kì í fò lọ pẹ̀lú ooru omi. Omi ló ń dín kù nínú ìkòkò, òjé tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ wá ki sí i. Álọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ jọ sísàlẹ̀, ó sì ń kó lára òjé tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ náà lọ. Èyí tó ti yọ́ sínú omi kì í bá a lọ tán. Hóró mòríńgà tí ẹnì kan dárúkọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ó sì dára fún omi tó rú, ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi tó mọ́ gaara lójú lẹ́yìn álọ́ọ̀mù ló ń dẹ́rù bà mí ju ti ẹlẹ́rẹ̀ lọ, nítorí ọkàn yín á ti balẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Òṣogbo bínú sí wa. Wọ́n ní láti ayébáyé ni odò ti ń rú lójò, pé ẹrẹ̀ lásán ni, pé ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé àwọ̀ kì í ṣe májèlé. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á di ìyẹn mú, nítorí àwọn tó ń pariwo mẹ́kúrì torí pé omi pọ́n kò ṣe wá lóore. Mẹ́kúrì ò ní àwọ̀ nínú omi. Ohun tó ń pọn omi yẹn ni ilẹ̀ tí wọ́n hú létí odò àti nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ láti wá góòlù. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n takò yín lórí "ẹrẹ̀ lásán." Ẹrẹ̀ òjò máa ń lọ. Tí òjò bá dá, tí ẹ̀rùn bá mú, odò á là. Odò tó rú lóṣù Kejì ọdún bó ṣe rú lóṣù Keje, ẹnì kan ló ń rú u.

Ẹrẹ̀ lásán náà sì ń pa nǹkan. Ó ń bo ẹyin ẹja tó wà lórí òkúta, ó ń dí ẹja lọ́nà èémí, ó sì ń ṣíji bo ewéko ìsàlẹ̀ omi tí ẹja ń jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí odò ṣe wà láìná kọ́bọ̀, ẹ wo àwọn kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀. Lámilámi tí à ń rí tó ń fò, inú omi ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, lára òkúta àti gbòǹgbò. Ẹ gbé òkúta sókè níbi tí omi ti ń ṣàn. Bí ẹ bá rí ọmọ lámilámi àti àwọn kòkòrò kéékèèké tí ìrù wọn là sọ́nà mẹ́ta, ara odò ṣì le níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kìkì ìdin pupa tín-ín-rín ló kù, nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lo ọ̀nà yìí, nítorí ẹ̀mí kòkòrò kì í gùn bíi ti ẹja, kì í sì í rìn jìnnà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sódò lóṣù tó kọjá, ara wọn ló ti hàn.

Ẹ tún lè ṣe àwo tí wọ́n fi ń wo bí omi ṣe là tó. Ẹ gé pákó tàbí ike róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun, ẹ so okùn mọ́ àárín rẹ̀ àti òkúta sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nínú omi títí ojú yín ò fi rí i mọ́, ẹ wọn okùn. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì abúlé yín bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, ẹ̀rí tí ẹ ó ní lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ ìròyìn lọ.

* * *

"Bí mẹ́kúrì bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kú?"

Nítorí pé mẹ́kúrì kì í pani báyẹn. Ìbéèrè yìí ló sì gbé wa dé ibi tí mo fẹ́ kí a dé látijọ́, pé omi nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ gbé lọ sí lábù.

Àwọn tó ń wa góòlù á po mẹ́kúrì mọ́ yanrìn tí wọ́n ti fọ̀, mẹ́kúrì á kó góòlù jọ, wọ́n á sì fi iná jó mẹ́kúrì kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá di èéfín, àyà ẹni tó ń jó o ló kọ́kọ́ ń wọ̀, ìyókù á bá òjò sọ̀kalẹ̀. Èyí tó bá dà sílẹ̀ á wọ́ lọ sínú odò. Kì í pẹ́ lójú omi. Á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, á sì rì. Nínú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn kì í dé, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á sọ ọ́ di irú mẹ́kúrì mìíràn tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, methylmercury. Kòkòrò omi á jẹ ẹ́, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i lára ẹni tó ń jẹun kẹ́yìn. Omi tí lábù tó mọṣẹ́ yẹ̀ wò tó sì dára lè ní ẹja tí kò yẹ ní jíjẹ nínú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata nílẹ̀ Jàpáàn nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan ń da mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn ń jẹ ẹja. Àwọn ológbò ló kọ́kọ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí wọ́n ń gìrì, tí wọ́n ń já sómi, torí ẹja làwọn náà ń jẹ. Ọdún 1956 ni wọ́n tó kéde àìsàn náà lára èèyàn. Àwọn ìyá tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ látinú oyún. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì lọ́dún 2013, Nàìjíríà sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òjé náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni dà á sódò. Ó lè wà nínú òkúta góòlù fúnra rẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta, eruku rẹ̀ sì pa ọmọ tó lé ní 400 láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de irú ìyẹn kí ẹ tó gbà pé nǹkan wà níbẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún dáwó: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ẹja, lẹ́yìn náà omi. Ẹrẹ̀ ń fi ohun tó ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́ hàn. Omi tí ẹ bù láàárọ̀ Ọjọ́rú, ti àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn nìkan ló lè sọ.

* * *

Mo rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé Yèyé Ọ̀ṣun á fọ ara rẹ̀ mọ́, pé ẹni tó bá gbàgbọ́, omi náà ò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹlòmíràn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ ká fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Igbó Ọ̀ṣun wà títí dòní nítorí pé àwọn olùsìn rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n gé e, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ọ̀bọ inú igbó yẹn ń mu nínú odò yìí, àwọn náà ò sì ní píọ̀wọ́tà.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó wáyé, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Ẹgbẹ́ Urban Alert tó wà ní Òṣogbo ti yẹ odò náà wò ní 2021 àti 2022, wọ́n sì ní òjé àti mẹ́kúrì tí àwọn rí níbẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ. Àwọn olùsìn ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ láti Bùràsílì àti Kúbà, tí wọ́n ń bu omi lọ sílé. Ní tèmi, àwọn ìyá Ọ̀ṣun àti àwọn àwòrò gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣáájú ẹni tó ń béèrè fún àyẹ̀wò, nítorí kò sẹ́ni tó ń lọ sódò yẹn déédéé tó wọn. Ojú wọn ti rí i nígbà tó là.

* * *

"Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kàn lé àwọn tó ń wa góòlù." Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àbújá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, ẹni tí odò ń bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ sì wà ní Òṣogbo àti Ẹdẹ. Ibi tí ẹjọ́ ti ń há nìyẹn: ìpínlẹ̀ á ní kò sí lọ́wọ́ àwọn, àpapọ̀ á ní àwọn tí kò ní ìwé ló ń ṣe é. Ẹ tún wo bí odò yìí ṣe rìn. Ó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, adágún Aṣèjíre tí Ìbàdàn ń mu wà lórí rẹ̀, ó sì já sọ́sà Lẹ́kí. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ò lè yẹ̀ ẹ́ wò kó parí.

Ẹni tó sì sọ pé ọmọ wa náà ló ń wa góòlù yẹn, pé wọ́n ní láti jẹun: òtítọ́ ni. Mo ti jókòó ti àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ yanrìn. Omi odò náà ni wọ́n ń mu lójú iṣẹ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń po mẹ́kúrì. Àwọn ni májèlé yìí kọ́kọ́ ń bá. Ó ṣeé ṣe láti ya góòlù láìlo mẹ́kúrì, bí ẹnikẹ́ni bá lè kọ́ wọn, kó sì fún wọn ní irinṣẹ́ rẹ̀. Lílé wọn láti bèbè odò kan sí òmíràn, odò mìíràn ló kàn máa rú.

* * *

Ó yá, ẹni tó béèrè, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ yín.

Fún mímu àti oúnjẹ, pàápàá fún aboyún àti ọmọdé, ẹ lo omi òjò tí ẹ gbè lórí páànù tó mọ́, tàbí bòhólù, kí ẹ sì yẹ bòhólù náà wò bí ó bá sún mọ́ odò. Ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n kí ọmọ má gbé omi rẹ̀ mì. Ní ti ẹja, ẹ jẹ kékeré ju ńlá lọ, ẹ jẹ ẹpìyà tó ń jẹ ewé omi ju ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Yíyan, díndín, bíbó awọ, kò sí èyí tó ń yọ mẹ́kúrì, inú ẹran ẹja gan-an ló wà. Kí aboyún yàgò fún ẹja ńlá odò yẹn títí àyẹ̀wò á fi jáde.

Fún baálẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé àyẹ̀wò kan ò tó, kí ó pè àwọn baálẹ̀ òkè odò àti ti ìsàlẹ̀ odò. Bí abúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dáwó pọ̀, ẹ ó lè bù níbi kan náà lẹ́ẹ̀rùn àti lójò: kan lókè ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kan lẹ́bàá yín. Láìsí èyí tó wà lókè, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi èsì yín wé. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹja tàbí kẹ́mísìrì ní yunifásítì tó sún mọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣèwádìí, àwọn apẹja yín ló sì mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ki. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé abúlé á gba èsì náà lódindi, pẹ̀lú iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí, kí ìwé náà má kàn di ti ẹni tó fẹ́ gboyè.

Bí wọ́n bá lè yẹ irun orí wò, ẹ gbà. Irun máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, mẹ́kúrì tí èèyàn ti jẹ á sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń hù. Irun ìyá ọlọ́mọ tí kò gé e fún ọdún kan á sọ oṣù wo ló jẹ ẹja jù. Báyìí ni àwọn onímọ̀ ṣe yẹ àwọn ọmọ onílẹ̀ Yanomami àti Munduruku wò ní Bùràsílì, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù ti ba odò wọn jẹ́.

Tí lábù bá tún kọ ND ránṣẹ́ sí yín láìsí iye lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ má sanwó ìyókù títí wọ́n á fi kọ ọ́ sí i.